Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Máṣìn Eléyín

Wọ́n ní ẹnì kan máa ń jókòó sẹ́yìn máṣìn Eléyín tí ojú lásán kò lè rí. Agẹrun tó wà ní ìkóríta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ó sì búra pé omi nìkan lòun mu lọ́jọ́ náà. Ó ní iná pupa dá Eléyín dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù òun, obìnrin náà na ọwọ́ òsì sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn, ó sì fi gbá nǹkan jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí èèyàn ṣe máa ń gbá orúnkún ẹni tó bá jókòó ti ni. Kò sí orúnkún kankan níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Iná di àwọ̀ ewé, Eléyín sì bá tirẹ̀ lọ.

Alágbàfọ̀ tó wà lódìkejì títì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu agẹrun, ó sì fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó ní òun ti ń wòye tipẹ́. Ẹni tó bá ń dá gun máṣìn a máa ká ìfẹsẹ̀lé ẹ̀yìn sókè, àmọ́ ti Eléyín máa ń wà ní ṣíṣí kalẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ta ló ń dúró dè? Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹni tí a kò rí náà ti ní eyín méjìlélọ́gbọ̀n pé pérépéré, torí ẹ sáà mọ irú iṣẹ́ tí Eléyín ń ṣe. Kò ní ojú, kò ní imú, eyín nìkan ló ní, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín tí máṣìn bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ní òun gbọ́ ẹ̀rín náà. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ nígbà kan pé òun rí ẹja tó wọ bàtà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rán an létí.

Ẹ jẹ́ ká fi agẹrun sílẹ̀ kó máa bá irun jà, ká gòkè lọ wo Eléyín fúnra rẹ̀.

Àjà kejì ilé kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé mìíràn. Àwọn dókítà eyín a máa gba bátànì ẹnu èèyàn, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí i. Eléyín á po pílásítà nínú abọ́ rọ́bà, á dà á sínú bátànì náà, á sì máa gbọ̀n ọ́n títí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi jáde. Tó bá ti le, ẹnu ẹnì kan á wá jókòó sórí tábìlì, funfun balau, á la kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ohun tó fẹ́ sọ sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló máa ń fi ìda pupa to eyín sí i níkọ̀ọ̀kan, á yọ èyí díẹ̀, á ti èyí wọlé, títí ẹnu náà á fi pa dé bí ó ṣe yẹ.

Iṣẹ́ tó ń wọ ẹnu gbogbo ayé ni, síbẹ̀ kò mú kó mọ ẹnikẹ́ni. Ó lè sọ fún yín pé nọ́ńbà ogójì máa ń fi apá òsì jẹun, pé nọ́ńbà mọ́kàndínláàádọ́ta máa ń wa eyín pọ̀ lójú oorun bí ẹni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì bá fi èjìká gbá a ní títì, kò ní mọ̀ pé àwọn ni. Lọ́jọ́ mìíràn, kẹ́tù tó fi ń se omi tíì ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá sọ̀rọ̀. Á ní kó rọra máa súfèé, wọn ò lé e bọ̀. Tó bá tún wá kù díẹ̀ kí ilẹ̀ ṣú, kẹ́tù yìí kan náà ni yóò kí pé ó dàárọ̀.

Pẹpẹ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún eyín tí àwọn tó ni ín kò wá gbà. Àwọn kan ti ṣí lọ, àwọn kan ti kú, àwọn kan kàn pinnu pé erìgì tó àwọn. Òfin yàrá náà ni pé kí irú eyín bẹ́ẹ̀ lo ọdún kan gbáko lórí pẹpẹ, lẹ́yìn náà kí Eléyín fọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà. Eyín kan wà níbẹ̀ tó ti lo ọdún mẹ́rin, Eléyín náà ló sì máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ara eyín yìí ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Máṣìn yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó ní tó ń pariwo. Máṣìn asáré ni, dúdú, orí rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì ga, ó kéré bí irọ̀rí ọmọ ọwọ́. Ọdún tó pé ọmọ ọgbọ̀n ló rà á. Ìyá rẹ̀, tó ṣì wà láyé nígbà náà, rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì béèrè bóyá ọkọ ni kò rí fẹ́ ni tàbí ọkọ̀ ni kò rí rà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò béèrè ohunkóhun. Ó gun ẹ̀yìn lọ ní tirẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Bí àbúrò yìí ṣe di Ẹrù nìyẹn. Lẹ́yìn ikú ìyá wọn, àwọn méjèèjì jọ ń gbé yàrá méjì tí wọ́n háyà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n sì máa ń gun máṣìn lọ sí adágún omi kan lẹ́yìn ìlú, ní ọ̀nà tó lọ́ bí okùn tí èèyàn jù sílẹ̀. Kí wọ́n tó gbéra, Eléyín á na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, á gbá orúnkún àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ẹrù ti dì?" Àbúrò á fi akoto tirẹ̀ kan akoto ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbì, ìyẹn ni pé ẹrù ti dì. Nígbà tó yá, àbúrò rí iṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, ó rí ọkọ síbẹ̀, ó bí ọmọ síbẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti ń sọ ọ́ fún ọdún márùn-ún, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́. Ọdún náà ni kì í dé.

Ojú Eléyín mọ̀ pé Ẹrù ti lọ. Etí rẹ̀ mọ̀, torí ilé dákẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ni kò tíì gbọ́.

Orúnkún ló da ọ̀rọ̀ rú. Ìfẹsẹ̀lé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe máṣìn náà fi wá ga púpọ̀ fún obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí tirẹ̀, orúnkún òsì, èyí tó ń bá jíà ṣiṣẹ́, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, iná pupa dá a dúró, ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀, orúnkún náà kọ̀, kò nà. Díẹ̀ ló kù kí òun àti máṣìn jọ sùn sí títì. Dókítà wò ó, ó ní kò gbọdọ̀ ká orúnkún náà tó bẹ́ẹ̀ mọ́: kó wá ibi tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn láti gbé e lé, tàbí kó ta máṣìn.

Ló bá gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá Nọ́ọ̀tì lọ. Bàbá yìí ń ta ẹ̀yà ara máṣìn nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí nọ́ọ̀tì àti bóòtù kún inú ìgò rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Eyín mẹ́ta ló kù lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń fi wọ́n yangàn, ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní yàrá tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Eléyín bá wọlé ló máa ń bi í léèrè ìgbà tí yóò gba àlejò sí àwọn yàrá tó ṣófo.

Ó tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí káńtà, ó sì to oríṣi ìfẹsẹ̀lé méjì sí i. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe máṣìn ló ṣe wọ́n. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà máṣìn tó sàn jù fún àwọn asáré ló ṣe wọ́n. Oríṣi kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwo irin méjì, ti ọ̀tún ní bíréèkì lára, ti òsì ní jíà lára.

"Èyí gba ẹni méjì," ni Bàbá Nọ́ọ̀tì wí. "Ibi ẹsẹ̀ tìẹ nìyí, ibi ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀yìn nìyí. Ihò méjì ló ní, òkè àti ìsàlẹ̀, ó tán. Ìkejì yìí ní ihò mẹ́sàn-án, ibi tó bá wu orúnkún ẹ ni wàá gbé e sí. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀."

Eléyín gbé ìkejì. Ó fúyẹ́, ó mọ́, etí rẹ̀ dán bí etí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó wo ibi tó yẹ kí ìfẹsẹ̀lé ẹni ẹ̀yìn wà. Irin ibẹ̀ parí síbẹ̀, wọ́n ti gé e kúrò pátápátá.

"Ta ló ń jókòó sẹ́yìn ẹ?" ni Bàbá béèrè.

"Àbúrò mi ni, Bàbá."

"Ìgbà wo ló jókòó síbẹ̀ kẹ́yìn?"

Eléyín gbé irin náà padà sórí ìwé ìròyìn, ó tún un gbé kó lè tọ́ díẹ̀. Ó ní àbúrò òun ń bọ̀. Bàbá Nọ́ọ̀tì ní ó dáa, kò sì béèrè ohun mìíràn. Ó kàn sọ fún un pé kó lọ sílé, kó gun máṣìn náà lórí ìdúró, kó wá ibi tí ẹsẹ̀ ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kó wọ̀n ọ́n, kó mú ìwọ̀n wá.

Ẹlòmíràn á mú nọ́ńbà méjì wá lórí ègé ìwé. Eléyín kọ́. Ó to pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó yọ́ ìda pupa lé e, ó gun máṣìn nínú gáréèjì, ó sì tẹ bàtà mọ́ ìda náà títí ó fi tutù. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí, pẹ̀lú akoto lórí, kò lọ síbì kankan, ó ń wo ògiri. Lẹ́yìn náà ló da pílásítà sí i. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé tíréè kan wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Nọ́ọ̀tì, ó fi aṣọ funfun bò ó. Bàbá ṣí aṣọ. Ẹsẹ̀ funfun méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tó fi ibi bóòtù hàn, èyí tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún sì ní àmì pupa lórí. Bàbá ní òun ti ń tajà fún ogójì ọdún, àwọn èèyàn ti gbé oríṣiríṣi wá fún òun, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá nínú tíréè bí ẹni tó ń gbé àkàrà òyìnbó wá síbi ayẹyẹ.

Eléyín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí èyí tó gba ẹni méjì, ó ní kí ó bá òun de ìyẹn. Bàbá wo tíréè, ó wo irin, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní ó dáa.

Eléyín fi ẹsẹ̀ rìn lọ gbé eyín fún dókítà méjì. Nígbà tó padà, iṣẹ́ ti parí. Ó gun máṣìn, ó yí i lẹ́ẹ̀kan nínú ọgbà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró. Orúnkún ọ̀tún, tí nǹkan kan kò ṣe rí láyé, nà gbọọrọ bí ọlọ́lá. Ti òsì ṣì ká jọ, ó ń ké bó ṣe máa ń ké.

Bàbá Nọ́ọ̀tì fi ìka han án lórí tíréè. Ẹsẹ̀ tó ní àmì pupa wà lápá ọ̀tún tíréè, apá ọ̀tún máṣìn lòun náà sì de ihò ìsàlẹ̀ sí. Eléyín wo tíréè títí, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, bí ẹni tó kọjú sí ẹnu ni wọ́n ṣe máa ń to nǹkan: apá òsì aláìsàn ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Bó ṣe to ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni pé ó dúró síwájú máṣìn náà tó ń wo obìnrin kan tó jókòó lé e lórí. Bàbá ní tirẹ̀ kà á bí ẹni tó gun ún. Bàbá ní òun kò tíì rí ẹni tó jẹ́ àlejò lórí máṣìn ara rẹ̀ bí èyí.

Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bàbá mú sípánà. Eléyín jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá ibi tí àwọn irin àtijọ́ wà nílẹ̀, ó sì mú ìfẹsẹ̀lé ẹ̀yìn kan nínú wọn. Rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ní inú, torí Ẹrù máa ń yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ sínú tí ẹ̀rù bá ń bà á ní kọ́nà. Kò jẹ́ gbà rí pé ẹ̀rù ń ba òun. Rọ́bà náà ti wí i.

Ó fa fóònù yọ, ó pe àbúrò rẹ̀.

Ariwo ilé tó kún ló kọ́kọ́ wọlé, kí ohùn àbúrò rẹ̀ tó dé. Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Eléyín béèrè ikọ́ ọmọ, ó béèrè ọkọ, ó béèrè òrùlé tó ń jò lọ́jọ́sí. Ìgbà tí kò sí ohun mìíràn láti béèrè mọ́ ló wá sọ pé òun ń pààrọ̀ ìfẹsẹ̀lé máṣìn, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀.

"Máṣìn wo?" ni àbúrò béèrè.

"Dúdú yẹn. Èyí tí a máa ń gbé lọ síbi omi."

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìfẹ́ ni, kò sí ìkà kankan nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ṣì wà? Mo rò pé ẹ ti tà á tipẹ́tipẹ́."

Ó ní ẹ̀yìn òun kò lè gba irú ìyẹn mọ́, pàápàá lẹ́yìn ọmọ kejì. Tí àwọn bá ń bọ̀, ọkọ̀ ni àwọn máa gbé wá. Ó ní, "Ṣé ẹ rántí bí mo ṣe máa ń fi akoto kàn yín lórí, Ẹ̀gbọ́n mi, kò dùn yín ni?" Eléyín ní kò dùn òun. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn ibẹ̀, àbúrò ní òun á pè é padà, ìlà sì gé.

Sípánà Bàbá Nọ́ọ̀tì ń dún nínú ọgbà. Máṣìn wà lórí ìdúró, wọ́n ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè gbé ẹsẹ̀ lé lára rẹ̀, yálà ẹni iwájú tàbí ẹni ẹ̀yìn. Eléyín wò ó títí.

"Bàbá, tí ẹ bá gbé ihò ìsàlẹ̀ yìí sí apá òsì, ṣé ó máa dé ibi tí pílásítà mi dé?"

"Ó máa ku ìka kan ààbọ̀."

"Mo mọ̀. Èmi náà ni mo wọ̀n ọ́n."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀," ni Bàbá Nọ́ọ̀tì wí, kò gbé ojú sókè. "Mo rò pé o fẹ́ kí n dákẹ́ ni."

Eléyín yí ìfẹsẹ̀lé àtijọ́ náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú gbogbo ọdún tó ti fi ń to eyín, kò tíì fi àlàfo ìka kan ààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà lásán ló fi mọ ẹni náà. Ó ní, "Ẹ gbé ti ẹnì kan wá."

Bàbá de é. Ihò kẹjọ ló bá orúnkún òsì mu, ihò kẹrin ló tó fún ti ọ̀tún. Nígbà tó parí, ó béèrè ohun tí òun máa ṣe sí àwọn irin àtijọ́, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn a máa fi wọ́n sílẹ̀ nínú garawa pàǹtí òun. Eléyín tú ìfẹsẹ̀lé ẹ̀yìn méjèèjì kúrò lára wọn, ó fi aṣọ funfun tíréè wé wọn, ó sì kó wọn sínú àpò tó fi máa ń gbé eyín. Orí pẹpẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ọlọ́dún mẹ́rin. Ọdún kan ni òfin fún wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gùn ún lọ síbi omi. Orúnkún kò sọ nǹkan kan. Máṣìn náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó wọ kọ́nà ó jáde bí abẹ́rẹ́ nínú aṣọ, kò tíì gùn ún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ó jókòó sórí òkúta kan létí omi, ó mu tíì inú fíláàsì rẹ̀, ó sì sọ fún fíláàsì.

Nígbà tó ń padà bọ̀, iná pupa dá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Iná náà pẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó di àwọ̀ ewé, ọwọ́ òsì rẹ̀ nà sẹ́yìn, ó sì gbá afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Agẹrun sáré jáde. Ó fi oníbàárà kan sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú irun ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú ẹ̀rọ ìgẹrun lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ fi jagun, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn máṣìn. Ó wo apá ọ̀tún, ó rá lọ wo apá òsì. Eléyín gbé gíláàsì akoto sókè.

"Bọ̀dá agẹrun, kí lẹ ń wá?"

Agẹrun ní kò sí, pé òun kàn ń wò ó ni. Iná di àwọ̀ ewé, Eléyín sì lọ. Títí di òní, tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ máa gbọ́ nípa ẹni tó ní eyín méjìlélọ́gbọ̀n tó ń rẹ́rìn-ín ní kọ́nà, ṣùgbọ́n agẹrun kì í dá sí i mọ́. Ó ti rí i. Ìfẹsẹ̀lé méjì péré ló wà lára máṣìn náà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ti Eléyín sì ni méjèèjì.